“Má Bọ̀” ni Mo Wí

Nígbà tí a wà ní yunifásítì, náírà mẹ́rin a máa rọ epo kún inú ọkọ̀ Ìjàpá, ṣéńjì yóò sì kù. Ọ̀rẹ́ mi ló ni Ìjàpá ọ̀hún. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. A ó rọ epo tán, a ó fi kọ́bọ̀ àádọ́ta jẹ ìrẹsì àti itan adìẹ ní ilé oúnjẹ inú ọgbà, a ó sì tún máa ráhùn pé itan náà kéré. Lónìí, bí mo bá mú náírà mẹ́rin lọ sí ẹ̀bá títì ní Kọ́bapẹ́, ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá yóò wo ojú mi bóyá orí mi pé. Owó ẹyin adìẹ kan ṣoṣo ti ju owó tí bàbá mi ń fún mi ná fún odidi sáà kan lọ.

Ọmọ mi obìnrin kì í jẹ́ kí n sọ ọ́ dé ìdajì. “Bàbá, ẹ tún ti gbé e dé,” ni yóò wí. Kò mọ̀ pé kì í ṣe owó ni mò ń sọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà náà, ènìyàn lè rọ epo sọ́kọ̀, kó jókòó lé orí rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kó máa sọ pé òun yóò fò lọ́jọ́ kan, kí ojú má sì tì í.

Yàrá kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn. Òun ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, èmi ń kọ́ èdè Yorùbá. Ó ti kà á níbì kan pé àwọn òyìnbó kan máa ń yọ ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, wọ́n a sì fi ṣe bàálù kékeré tí wọ́n kàn lẹ́yìnkùlé ara wọn, nítorí pé ẹ́ńjìnnì náà kò nílò omi, afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù. Mo ní kó rántí ìjàpá inú àlọ́, tó yá ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ lọ sí ọ̀run, tó já bọ́, tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yángá.

“Ìyẹ́ àyálò ló lò,” ló dá mi lóhùn. “Tèmi, èmi ni n ó rán an fúnra mi.”

Ó lé ní ogójì ọdún kí ó tó rán an. A ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ omi ẹ̀rọ fún ìjọba, ó ti sin ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fọ́n sí Èkó àti òkè òkun. Èmi fi tèmi kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ní èdè Yorùbá: àmì ohùn, gígùn fáwẹ̀lì, ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì tó jọra. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó máa pè mí ní Tíṣà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wá. Ìjàpá náà wà lábẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá rẹ̀, adìẹ ti fi ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ìtẹ́. Ní ọjọ́ kan ó lé àwọn adìẹ jáde, ó tú ẹ́ńjìnnì, ó sì gbé e lọ sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Kọ́bapẹ́, níbi tó ti fi páànù pa àgọ́ gbọọrọ kan láàárín oko ẹ̀gẹ́.

Àwa mẹ́ta ló bá a ṣe é. Wẹ́dà kan wà létí títì níbẹ̀, ọkùnrin tó ń jó irin ẹnu ọ̀nà, ẹlẹ́nu mímú. Òun ló jó egungun bàálù náà. Ẹnìkejì ni obìnrin aláàdìrẹ kan láti Ìtòkú, ọ̀rẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Ìyá Aláró ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló ra aṣọ òwú funfun tí a fi bo apá bàálù náà, òun ló rán an. Kí aṣọ lè le bí ìlù, ó po ẹ̀kọ láfún, irú èyí tí wọ́n fi ń ya iṣẹ́ sára àdìrẹ, ó sì fi kun ún látòkè délẹ̀. Ó le lóòótọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àwọn èkúté gbọ́ òórùn láfún, wọ́n sì jẹ apá òsì tán títí dé ìdí. Wẹ́dà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní òun ti rí bàálù tó jábọ́ lójú tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n òun kò rí èyí tí wọ́n fi jẹun rí. Fáníṣì tí wọ́n ń kùn sára àga ni a padà lò.

Èmi, n kò mọ iṣẹ́ kankan. Mò ń dì í mú, mò ń gbé ìgò omi, mò ń sọ ìtàn.

Fífò kò le tó bí a ti rò. Bíbalẹ̀ ló le. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tó kúrò nílẹ̀, kò ga ju ọ̀pẹ lọ, ṣùgbọ́n bó ti ń padà bọ̀, ó já lulẹ̀ gbì, ẹsẹ̀ bàálù náà sì là sọ́tùn-ún sósì bí ẹsẹ̀ ẹni tí ẹrẹ̀ yọ̀. Ní ìgbà kejì, ó sáré kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí, ó wọ àárín ebè ẹ̀gẹ́, abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ sì kán sí méjì. Ó jáde síta pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu, ó tu ú dànù, ó sì ní ilẹ̀ bàbá òun dùn lẹ́nu. Kò bínú. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ mìíràn.

Ohun tó ń dà á láàmú ni pé bó bá gbé imú bàálù sókè láti balẹ̀, imú náà a bo ojú ọ̀nà mọ́ ọn lójú. Ó nílò ẹni tí yóò dúró nílẹ̀ máa bá a sọ̀rọ̀. Fóònù wà, ó ní òun yóò ki ohun èlò rẹ̀ bọ etí lábẹ́ àṣíborí. Mo bi í léèrè bóyá Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa sọ, bí àwọn awakọ̀ òfurufú ti ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rù tèmi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Tíṣà. Yorùbá ni kí o wá ọ̀rọ̀ sí.”

N kò tíì rí iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi báyẹn láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ṣe é. Mo yan ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, mo sì kọ wọ́n sára páálí gàdàgbà: Balẹ̀. Yípo. Gòkè. Kò sí èyí tó jọ ara wọn nínú wọn, afẹ́fẹ́ ìbá fẹ́ títí. Mo kó ọ̀rẹ́ mi, Wẹ́dà àti Ìyá Aláró jọ sí àgọ́, mo sì fi ẹfun kọ “má” àti “máa” sára páànù bí ìgbà tí mo wà ní kíláàsì. Mo ní ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn lórí fóònù yìí, òun ni “má”. Bí a bá ní “má bọ̀”, a ń lé e padà. Bí a bá ní “máa bọ̀”, a ń pè é. Ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn mu. Bí ẹnu ti pẹ́ tó ní lílà ló yà wọ́n jù. Lójú ariwo ẹ́ńjìnnì, ta ni yóò wọn ẹnu ẹni?

Wẹ́dà bi mí bóyá òun lè sọ “má” bí ebi bá ń pa òun, tí òun fẹ́ ní kí Ìyá Aláró má jẹ ẹ̀wà òun tán. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ara páànù náà, ó ń mi orí, ojú rẹ̀ sì ń dán bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ohun tó ti ń rú u lójú ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

Ìgbà méje ló fi ọ̀rọ̀ mi balẹ̀ láìfarapa.

Ìgbà kẹjọ jẹ́ òwúrọ̀ Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn obìnrin abúlé tó wà nítòsí ti fẹ́ràn pápá tí bàálù wa ń balẹ̀ sí láti ọjọ́ tí a ti tẹ́ ẹ, nítorí pé ó tẹ́jú, oòrùn sì ń ràn síbẹ̀ dáadáa. Wọ́n a máa tẹ́ tapólì síbẹ̀, wọ́n a sì sá láfún lé e. A ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ti gbà pé ti Sátidé jẹ́ tiwa. Ṣùgbọ́n ìyàwó tuntun kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ibòmíràn, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un. Ọ̀rẹ́ mi ti wà lókè nígbà tí obìnrin náà ti ẹ̀yìn ìgbẹ́ yọ pẹ̀lú ọpọ́n lórí. Ó tẹ́ tapólì rẹ̀ sí àárín ojú ọ̀nà gan-an, ó da láfún sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ tú u ká.

Òkè ni mò ń wò, ọ̀rẹ́ mi ni mò ń wò, bó ti ń yí bọ̀ tó ń dín iná ẹ́ńjìnnì kù. Inú mi ń dùn. Mo ti ní “balẹ̀” fún un. Ìyá Aláró, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló di apá mi mú, ó sì nawọ́. Mo rí obìnrin náà. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, afẹ́fẹ́ sì ń gbé ìró bàálù lọ síbòmíràn, kò gbọ́ nǹkan kan.

Páálí wà lọ́wọ́ mi. Mo dì í mú. Yípo ni ọ̀rọ̀ náà; èmi ni mo kọ ọ́, ìlà rẹ̀ tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni ohun tí ìyá mi máa ń ké bí mo bá ń sáré bọ̀ níbi tí iná wà.

“Má bọ̀! Má bọ̀!”

Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ nínú fóònù. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó tutù pẹ̀sẹ̀, bíi ti ẹni tí wọ́n pè sí oúnjẹ.

“Mò ń bọ̀.”

Ó bọ̀ lóòótọ́. Nígbà tí obìnrin náà fi gbé orí sókè, bàálù ti dé etí pápá. Obìnrin náà sọ ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rẹ́ mi rí i, ó sì yí bàálù sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Apá òsì kan ilẹ̀. Mo gbọ́ bí aṣọ ṣe ya, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń fa aṣọ ya ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, lẹ́yìn náà bàálù gbókìtì, ó gba orí tapólì kọjá, gbogbo ojú ọ̀run sì di funfun. Nígbà tí láfún náà rọlẹ̀, Wẹ́dà ti dé ibẹ̀, ó ń já okùn ìjókòó. Ọ̀rẹ́ mi funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ níbi tí orúnkún kò sí. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni bóyá obìnrin náà wà láàyè. Ó wà láàyè. Ara rẹ̀ kò tilẹ̀ bó.

Ní ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i dáadáa ní ọsibítù. Dókítà ti ní ẹsẹ̀ náà yóò san, bí kò tilẹ̀ ní gùn bíi ti tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sì ti ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì bí òun yóò ti ṣe apá tuntun. Àwa méjì péré ló wà ní yàrá. Ó ní kí n sún mọ́ òun.

“Kí lo wí fún mi, Tíṣà? ‘Máa bọ̀’ ni mo gbọ́.”

Kò bi mí tìbínú-tìbínú. Ó fẹ́ mọ̀ ni, bí ẹlẹ́rọ ti ń fẹ́ mọ ibi tí irin gbé kán. Bí mo bá ní “má bọ̀ ni,” ìbá bú sẹ́rìn-ín, ìbá pè mí ní òmùgọ̀ olùkọ́, ìbá sì parí síbẹ̀. Mo ti mọ èyí láti bí ọdún mẹ́wàá báyìí. Ṣùgbọ́n mo rántí ara páànù tí mo fi ẹfun kọ. Mo rántí bí mo ti dúró níwájú wọn bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Gbogbo ayé mi ni mo fi kọ́ ènìyàn ní ìyàtọ̀ yìí.

“Yípo ni mo wí,” ni mo dá a lóhùn.

Ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó ń wọn ọ̀rọ̀ méjèèjì.

“Kò jọ ọ́ rárá,” ló wí nígbẹ̀yìn.

Mo ní kò jọ ọ́.

“Etí mi ti lọ nìyẹn.”

Ó yí ojú sí ògiri, kò sì dárúkọ apá tuntun mọ́ láti ọjọ́ náà.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé pé etí òun ló já òun kulẹ̀. Kò sí ẹni tó dá a lẹ́bi ju ara rẹ̀ lọ. Wọ́n ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí fún un, olówó ńlá, láti òkè òkun. Etí tó dá ṣáṣá ni wọ́n kì í bọ̀. Ó sọ fún mi pé ariwo ṣíbí nínú àwo ti ń dùn òun lágbárí, ṣùgbọ́n ó fi í sí etí síbẹ̀, nítorí pé ó gbà pé òun kò lè mọ ohun tí òun ń gbọ́ mọ́. Bí wọ́n bá kí i, yóò ní kí wọ́n tún un wí. Ó fi ẹgbẹ́ akọrin ìjọ sílẹ̀, níbi tó ti ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ láti ìgbà tí ó ti gbéyàwó. Kò gbé fóònù mọ́. Ó pe Wẹ́dà, ó ní kó máa gbé ẹ́ńjìnnì Ìjàpá náà lọ, kó tú ìyókù fún irin. Wẹ́dà, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, gbé e láìsọ nǹkan kan.

Àwọn ọmọ pinnu pé yóò wá máa gbé lọ́dọ̀ àkọ́bí ní Èkó. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, Ìyá Aláró wá sí ilé mi. Ìka ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó kí mi kú ilé, ó bèèrè àwọn ọmọ, ó mu omi. Lẹ́yìn náà ó ní ọ̀rẹ́ mi ti sọ fún òun ohun tí mo ní mo wí.

“Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wà lọ́jọ́ náà, Tíṣà.”

Mo ní mo mọ̀.

“Mi ò ní bá yín sọ ọ́. Ẹnu tó bà á jẹ́ ni kó lọ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ lọ kí wọ́n tó gbé e lọ.”

Mo lọ. Ọjọ́ tó ń lọ gan-an ni mo tó lọ. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́fà tó kù wá àwáwí. Wọ́n ti di ẹrù sínú ọkọ̀. Ó jókòó sí ìta pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó wọ agbádá, ẹ̀rọ náà wà ní etí rẹ̀ méjèèjì. Mo jókòó tì í. Mo ní ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ nípa ọjọ́ yẹn. Ohùn mi kò jáde dáadáa.

“Sọ ọ́ sókè,” ló wí, ó sì tẹ etí sí mi. “O ṣáà mọ̀ pé mi ò gbọ́ràn.”

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, “Mo ní ọ̀nà á dára o.”

Ó gbọ́ ìyẹn. Ó dúpẹ́.

Òjò kejì lẹ́yìn ìgbà náà ni ọmọ náà pè mí pé bàbá ti sùn. Abẹ́òkúta ni wọ́n gbé e wá sin. Nígbà ìsìn, wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Wọ́n ní etí rẹ̀ ló já a kulẹ̀ lọ́jọ́ ogbó, tó fi ṣubú nínú ohun tó ti ń fẹ́ ṣe láti ìgbà èwe. Àwọn ènìyàn mirí. Ẹnìkan lẹ́yìn mi sọ pé arúgbó tí kò gbọ́ràn, kí ló gbé e dé òfurufú. Ìjókòó kejì ni wọ́n fi mí sí, láàárín àwọn ẹbí. Mo jókòó.

Àwa mẹ́rin ni a wà ní yàrá yunifásítì náà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kú kí a tó pé àádọ́ta ọdún. Ẹni tó ń ka ìmọ̀ òfin wà ní òkè òkun. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kò dá ènìyàn mọ̀ mọ́. Wẹ́dà kú lọ́dún tó kọjá, àìsàn àyà. Obìnrin tó sá láfún wà, ọmọ rẹ̀ ti di mẹ́rin, ó ń kí mi bí mo bá kọjá, ó sì ń pè mí ní bàbá. Ìyá Aláró wà ní Ìtòkú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń rẹ aró báyìí, òun a jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá dé ibẹ̀, ó ń dá mi lóhùn, kì í sì ní kí n jókòó. Èmi náà wà.